Ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ ní ọ̀rẹ́

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òǹkàwé yín nílé lóko. Ìmọ̀ràn kan wà tí wọ́n máa ń fún ọ̀dọ́ pásítọ̀ ní kété tí wọ́n bá ti gbé ìjọ lé e lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ní Benin, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí lọ́dọ̀ yín ní Nàìjíríà: “Má ṣe ní ọ̀rẹ́ nínú ìjọ.” Àwọn àgbà tó ń sọ ọ́ kò fi ibi sọ ọ́. Wọ́n ti rí ìjọ tó túká nítorí pé pásítọ̀ àti akápò jẹ́ kòríkòsùn. Wọ́n ti rí àṣírí tó kúrò lẹ́nu ọ̀rẹ́ lówùúrọ̀, tó sì dé ọjà Wàńdó kí oòrùn tó wọ̀. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn náà kò dára, ó sì yẹ kí ẹnì kan sọ ọ́ síta, nítorí àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló pọ̀ nínú àwọn tó ń wọlé sẹ́nu iṣẹ́ yìí báyìí.

Nílùú bíi Àjàṣẹ́, kò tilẹ̀ ṣeé tẹ̀ lé. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún ọ, ẹni tó ń tún alùpùpù rẹ ṣe, olùkọ́ ọmọ rẹ àti ẹni tí ẹ jọ kàwé lè jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lọ́jọ́ Àìkú. Jésù fúnra rẹ̀ kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yan méjìlá, ó tún fa mẹ́ta mọ́ra ju ìyókù lọ, Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù, ó sì sọ ní Jòhánù 15:15 pé òun ò pè wọ́n ní ẹrú mọ́, ọ̀rẹ́ lòun ń pè wọ́n. Júdásì wà láàárín wọn, àpò owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jésù kò torí ìyẹn ta ìyókù nù. Èyí tó wá burú jù nínú ìmọ̀ràn yìí ni pé pásítọ̀ tí kò ní ọ̀rẹ́ kì í rí ẹni tó máa sọ fún un pé ìwàásù rẹ̀ ti ń gùn jù, pé ohùn tó fi ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn kò bójú mu, pé àwọn èèyàn ti ń kùn nípa bó ṣe ń yọ sílé arábìnrin kan. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán ni yóò tó gbọ́, ẹnu ẹni tó fẹ́ kó lọ ni yóò sì ti gbọ́ ọ. (Àwọn àgbà tó ń gba wa nímọ̀ràn yìí, ẹ wò wọ́n dáadáa: àwọn náà ní ọ̀rẹ́.)

Ọ̀rẹ́ kọ́ ló ń ba ìjọ jẹ́. Ọ̀rẹ́ tí a kò sọ ààlà rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ owó, ipò tàbí àṣírí tó dé ló ń bà á jẹ́. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ibi owó, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń yọ̀ jù.

Owó ọrẹ kò gbọdọ̀ kan ọwọ́ pásítọ̀ rárá. Ẹni mẹ́ta ni kó kà á, lórí tábìlì inú ṣọ́ọ̀ṣì, kí èrò tó tú tán. Kí ẹni méjì má ṣe ti agbo-ilé kan náà wá, kí ìyàwó pásítọ̀ má sí níbẹ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ má sì sí níbẹ̀. Wọn á kọ́kọ́ ṣa owó bébà: 10.000, 5.000, 2.000, 1.000, 500 sẹ́fà, owó ilẹ̀ wa. Owó onírin ló kàn: 500, 250, 200, 100, 50, 25, 10 àti 5. Ẹ rí i pé 500 wà lápá méjèèjì. Bébà 500 dé ní ọdún 2012, onírin rẹ̀ kò sì kúrò lójà. Bó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ni ìwé ìṣírò ní fún 500, ẹnì kan á kọ méjèèjì pọ̀ síbẹ̀, ẹlòmíràn á kọ bébà nìkan, àròpọ̀ kò sì ní dọ́gba láé. Onírin 200 àti 250 náà máa ń ṣi èèyàn lójú, torí àwọ̀ méjì méjì ni àwọn méjèèjì ní. Bí iná bá lọ nírọ̀lẹ́, àfi kéèyàn gbé e súnmọ́ ojú kó ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á kà, ẹnì kejì á tún un kà láìgbọ́ iye tí ẹni àkọ́kọ́ rí, ẹnì kẹta á kọ ọ́ sílẹ̀ ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì fọwọ́ sí i. Bí iye méjèèjì bá yàtọ̀, wọn á tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé “ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kéré, Ọlọ́run mọ̀.” Ọlọ́run mọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjọ kò mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni kí owó náà wọ báńkì, kí akápò sì lẹ ìwé tí báńkì fún un mọ́ ojú ewé ọjọ́ Àìkú yẹn. Bí owó bá sùn ju òru kan lọ nílé ẹnikẹ́ni, ìdí kan á yọ tí wọ́n á fi ná an: ọmọ á ṣàìsàn, onílé á dé. Ohun kékeré kan tún wà níbẹ̀. Owó tó ti ya tàbí tó ti pá, tí àwọn ìyá ọlọ́jà kì í gbà lọ́wọ́ èèyàn mọ́, inú àpò ọrẹ ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ń sá sí. Ẹ kà á sọ́tọ̀, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀, kí iye tí báńkì kọ̀ má bàa di iye tí akápò jẹ.

Ọ̀nà tí ọ̀rẹ́ ń gbà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí kì í jọ olè. Ọ̀rẹ́ pásítọ̀ á mú 10.000 dání, á ní kí wọ́n bá òun ṣẹ́ ẹ nínú owó ọrẹ. Kò mú nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wò láti ojú fèrèsé kò rí èyí tó fi sílẹ̀, ọwọ́ tó nà wọlé ni wọ́n rí. Òmíràn á ní kí wọ́n yá òun ní 20.000 títí di Ọjọ́bọ̀, torí pé epo kpayò (bẹntiróòlù ojú títì) tóun ń tà ti tán, ọjà tuntun sì ń dúró. Pásítọ̀ tó bá gbà fún ẹnì kan ti dá ilé ìyáwó sílẹ̀, kò sì ní mọ bí yóò ṣe kọ̀ fún ẹnì kejì. Òde òní tún mú owó orí fóònù dé: àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní Kùtọnu tàbí lókè òkun á fi ọrẹ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà pásítọ̀, yóò sì dàpọ̀ mọ́ owó oúnjẹ ilé rẹ̀, òun gan-an kò ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Ìjọ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Kí fóònù náà wà lọ́wọ́ ẹnì kan, kí nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kí àwọn méjèèjì máa pàdé kí owó tó jáde. Pọ́ọ̀lù kò dá nìkan ru owó tí àwọn ìjọ dá jọ fún àwọn aláìní. Nínú 2 Kọ́ríńtì 8:20-21 ó ṣàlàyé pé òun ń ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn fi kan òun, torí ohun tó tọ́ níwájú Olúwa gbọ́dọ̀ tọ́ níwájú èèyàn pẹ̀lú.

Owó pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bí ọ̀rẹ́ bá wá yáwó, ẹ fún un lésì lọ́jọ́ náà gan-an. “Màá wò ó” máa ń dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ̀rẹ́ di alágbe tó ń paná iyì ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ fún un ní iye tí kò ní dùn yín bí kò bá padà wá, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ̀bùn ni. Ìdí rẹ̀ ni pé onígbèsè kì í fẹ́ rí ojú ẹni tó jẹ lówó. Bó bá jẹ pásítọ̀ ní 15.000, kò ní wá sí ìsìn mọ́, yóò sì ní àwọn èèyàn inú ìjọ náà ò dára. Owó lọ, ọ̀rẹ́ lọ, ọmọ ìjọ lọ. Bí ohun tó nílò bá pọ̀, ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ ni kó lọ bá, èyí tí iye tó lè fún ẹnì kan lọ́dún ti wà nínú ìwé látìgbà ìpàdé gbogbogbòò. Pásítọ̀ lè ṣàlàyé ìṣòro ẹni náà fún wọn, ṣùgbọ́n kó jáde kí wọ́n tó pinnu. Kí pásítọ̀ má ṣe gba owó èésú jọ, kó má sì ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni ní báńkì. Òwe 6 kìlọ̀ fún onídùúró láti ìgbà láéláé. Bí ẹnì kan bá kó èésú sá lọ, olórí èésú ni gbogbo ojú ń wò, bó sì ṣe jẹ́ pásítọ̀ ni, Jésù ni wọ́n á fi ṣẹ̀sín.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ pásítọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń jẹun. Kò sí ìtìjú níbẹ̀: Pọ́ọ̀lù ń pa àgọ́, Oshoffa tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ nílùú wa yìí ní ọdún 1947, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ tó fẹ́ ọ̀fẹ́. Bí pásítọ̀ bá ń wa zémìjàn (ọ̀kadà), kó dá iye lé e kí ọmọ ìjọ tó gun alùpùpù, bó ṣe ń ṣe fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Àdúrà ni ọ̀fẹ́. Bó bá gbé ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, tó sì gba owó lọ́wọ́ èkejì, àwọn méjèèjì á pàdé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á sì sọ ọ́.

Ìnáwó òkú ló tún kàn, ẹni tó bá mọ ìlú yìí mọ ìdí rẹ̀. Ẹbí á mú aṣọ, wọ́n á dá iye lé e, ọ̀rẹ́ á sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé pásítọ̀ pé kó san owó rẹ̀ lẹ́yìn. Bó bá rà á fún ìdílé kan, ó gbọ́dọ̀ rà á fún gbogbo ìdílé, kò sì sí owó oṣù pásítọ̀ tó lè gbé e. Ìlànà tó dúró ni pé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò wọ̀ síbi òkú gbogbo, àfi bó bá jẹ́ ẹbí tirẹ̀ gan-an. Kí ìgbìmọ̀ dá iye kan ṣoṣo tí ìjọ ń fún ọlọ́fọ̀, kí iye náà má yàtọ̀ fún olówó àti tálákà, kí ẹni méjì sì jọ gbé e lọ.

Owó kọ́ ni ọlọ́fọ̀ máa ń rántí jù. Àbẹ̀wò ni, ìgbà tí a sì ń lọ ni a máa ń ṣì. Lọ́jọ́ tí ikú ṣẹlẹ̀, ogún ìṣẹ́jú tó. Ẹ jókòó, ẹ gbàdúrà kúkúrú, ẹ má wàásù. Ẹni tó ń sunkún kò gbọ́ ìwàásù, àwọn ẹbí sì ń wá àyè láti sọ̀rọ̀ mọ́ṣúárì. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ padà lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí tí gbogbo èèyàn ń gbàgbé ni ti ogójì ọjọ́. Àlejò ti lọ nígbà yẹn, àga àti ìbòrí tí wọ́n háyà ti padà sílé oníǹkan, àwọn tí ẹbí jẹ lówó ló ń bọ̀ báyìí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ opó: Ṣé ẹ ń jẹun? Ta ló ń sùn tì yín lálẹ́? Ta ni gbèsè ìnáwó wà lọ́rùn rẹ̀? Ṣé àwọn ìwé olóògbé wà lọ́wọ́ yín? Ìbéèrè kẹrin yìí máa ń ṣí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sọ lójú òkú. Bí opó náà kò bá ní ìwé ìgbéyàwó láti mérì (ọ́fíìsì ìjọba ìlú), ẹbí ọkọ lè sọ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n. Òfin wa sọ ọ́ kedere láti ọdún 2004: ìgbéyàwó tí mérì ṣe nìkan ni òfin mọ̀, ọkọ àti ìyàwó sì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ yín tímọ́tímọ́ bá ní kí ẹ súre fún òun ní Sátidé, kí òun lọ sí mérì “tó bá yá,” ẹ ní kó mú ìwé mérì wá ná. Yóò bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Ìdarí le fún ọ̀dọ́ nítorí pé àwọn tí òun ń darí ti dàgbà jù ú lọ. Bàbá ẹni 70 ọdún wà nínú ìgbìmọ̀, ọmọ ọdún 28 sì ni alága. Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gàn án nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, ẹsẹ náà kò sì parí síbẹ̀. Ó ní kó jẹ́ àpẹẹrẹ nínú ọ̀rọ̀, ìwà, ìfẹ́, ìgbàgbọ́ àti ìwà mímọ́. Apá àkọ́kọ́ la máa ń fi bá àgbà jà. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun, ọwọ́ wíwẹ̀ níbi yìí kò ju pé kí ọ̀rọ̀ tó le má ṣe jẹ́ tuntun létí àgbà ní gbangba. Ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ìpàdé, ẹ lọ sílé ẹni tó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ dábàá àti iye tí yóò ná yín, kí ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe ṣe irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó gbè yín. Lọ́pọ̀ ìgbà yóò sọ fún yín pé wọ́n ti ra irú jẹnẹrétọ̀ yẹn rí, àti ìdí tí kò fi pẹ́.

Rèhóbóámù ṣe òdì kejì. Ó fetí sí àwọn àgbà tó sin bàbá rẹ̀, ó gbọ́ ti àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà, ó mú ti àwọn ọ̀rẹ́, ẹ̀yà mẹ́wàá sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń lo ìtàn yìí láti fi ní kí pásítọ̀ má ní ọ̀rẹ́ kò kà á dáadáa. Àwọn ọ̀rẹ́ náà ni ìgbìmọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Nínú ìjọ, ọ̀rẹ́ pásítọ̀ lè gba ipò, àfi ipò akápò àti ti ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò. Kí ẹlòmíràn ló dárúkọ rẹ̀, kí pásítọ̀ sì jáde nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò lórí rẹ̀. Ẹ wo Ìṣe àwọn Àpósítélì orí 6. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ń ráhùn pé wọ́n ń fojú fo àwọn opó wọn nídìí oúnjẹ. Àwọn àpósítélì kò yan ẹnikẹ́ni fúnra wọn. Ìjọ ni wọ́n ní kó yan méje, orúkọ Gíríìkì sì ni àwọn méjèèje ń jẹ́. Apá tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ni wọ́n gbé àwo oúnjẹ lé lọ́wọ́. Nínú ìjọ Àjàṣẹ́ tí Gun (Ègùn) àti Yorùbá jọ ń sìn, ẹ wo ìgbìmọ̀ ìrànlọ́wọ́ yín. Bó bá jẹ́ èdè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ nílé, ráhùn náà ti wà nílẹ̀, ẹ kàn ò tíì gbọ́ ọ ni.

Ìpàdé kò yẹ kó ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ márùn-ún ló sì pọ̀ jù. Owó ni kó ṣáájú. Bí ẹ bá fi í sí ìparí, nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá fi lù, àwọn ìyá tó máa jí lọ sọ́jà á ti dìde, àwọn ọ̀rẹ́ pásítọ̀ ló máa ṣẹ́kù láti nawọ́, ìpinnu ìjọ á sì di ìpinnu wọn. Kí akọ̀wé ka gbogbo ìpinnu sókè kí àdúrà ìparí tó wáyé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ rẹ̀.

Bí ọ̀rẹ́ bá ṣẹ̀, ẹ bá a sọ ọ́ láàárín ọjọ́ méjì, lójúkojú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ má kó ti ọdún tó kọjá mọ́ ọn. Ẹ má sọ ọ́ nínú gúrúùpù WhatsApp, ẹ má sì sọ ọ́ lórí pẹpẹ lábẹ́ àpẹẹrẹ. Nílùú yìí, kí gbólóhùn kejì tó jáde, gbogbo èèyàn ti yíjú síbi tí ẹni náà jókòó sí. Òwe 27:6 sọ pé a lè fọkàn tán ọgbẹ́ tí ọ̀rẹ́ dá síni lára.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí ẹnì kan bá ní, “Pásítọ̀, ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni,” ẹ má ṣe ìlérí kí ẹ tó gbọ́. Ẹ ní ẹ ó pa á mọ́, àfi bí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni tàbí ọmọdé bá wà nínú ewu. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń bá ọmọ kan ṣèṣekúṣe, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlàjà láàárín ẹbí, ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ni kó lọ lọ́jọ́ náà, kódà bó jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n fi sùn. Bó bá jẹ́ ẹni tó ní ayé ti sú òun, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ ní kí wọ́n kó oògùn apakòkòrò kúrò nílé, kí ẹ sì bá a dé ilé ìwòsàn. Àdúrà á máa lọ lójú ọ̀nà. Ìyókù, ẹ pa á mọ́. Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù nípa rẹ̀, torí ẹni tó gbà á lè fi ránṣẹ́ síwájú. Bó bá jẹ́ obìnrin ló fẹ́ rí yín, ọ̀sán ni, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìyá àgbà kan wà níbi tó ti lè rí yín àmọ́ tí kò lè gbọ́.

Mo gbà pé kí pásítọ̀ ní ọ̀rẹ́ lóde ìjọ pẹ̀lú, ó kéré tán àgbà pásítọ̀ kan, tí ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì kò sí lábẹ́ èkejì, ẹni tí pásítọ̀ lè fi ìwé owó ìjọ rẹ̀ hàn láìbẹ̀rù. Kí àwọn kan sì jẹ́ mùsùlùmí. Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn kì í ṣe àrà: nínú ìdílé Àgùdà kan náà (àtọmọdọ́mọ àwọn tó ti Bùràsíìlì padà dé), ẹ ó rí mùsùlùmí àti Kátólíìkì, Mọ́ṣáláṣí Ńlá ìlú wa sì jọ ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi ń ṣì í mú, torí ọwọ́ àwọn Àgùdà ló wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mùsùlùmí ni yóò sọ fún yín pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn yín kò jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ sùn, ohun tí ọmọ ìjọ kò ní sọ. Ẹ kọ ojú ẹ̀rọ náà sínú ilé, ẹ pa á ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí àìsùn tó bá kọjá ìyẹn jẹ́ ohùn ẹnu lásán. Ìjọba ní òfin lórí ariwo, ṣùgbọ́n aládùúgbò tí ẹ ti lọ kí ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kì í pe ọlọ́pàá.

Nípa ara pásítọ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Nígbà tí Èlíjà ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, oorun àti oúnjẹ ló kọ́kọ́ rí gbà, lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀rọ̀ tó dé. Kí ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí ìjọ mọ̀ pé kò sí àbẹ̀wò. Kí ilé pásítọ̀ ní wákàtí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, torí ìyàwó rẹ̀ kò forúkọ sílẹ̀ láti máa se oúnjẹ fún ìpàdé. Òwe 25:17 kìlọ̀ fún àlejò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù nílé aládùúgbò, pásítọ̀ sì máa ń jẹ́ àlejò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ògbufọ̀ ń túmọ̀ fún láti Yorùbá sí Gun tàbí Faransé, ìwàásù ogún ìṣẹ́jú á di ogójì, ẹ mú un kúrú láti ilé. Ẹ má fi òwe tí kò mọ̀ há ògbufọ̀ lọ́nà, ẹ sọ ọ́ fún un lálẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kíkúrò, níbi tí ọ̀rẹ́ ti ń di wàhálà jù. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Wọ́n á gbé pásítọ̀ lọ síbòmíràn. Ní orílẹ̀-èdè wa, àpẹẹrẹ kan wà tí kì í ṣe ti inú Bíbélì. Àlùfáà àgbà Isidore de Souza ló darí ìpàdé àpérò gbogbogbòò ní Kùtọnu láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì ọdún 1990, láàárín àwọn tí kò fẹ́ rí ara wọn sójú, lẹ́yìn náà ló darí Ìgbìmọ̀ Gíga Orílẹ̀-èdè, tó bójú tó ìyípadà ìjọba, títí di 1993. Ìbò ààrẹ wáyé ní 1991, kò dù ú. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí, ó padà sídìí iṣẹ́ àlùfáà rẹ̀.

Kí ẹni tó ń lọ kọ ìwé ìfisílẹ̀: iye tó wà ní báńkì, gbèsè, ìwé ilẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà àti ọwọ́ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, àwọn aláìsàn tí wọ́n ń retí àbẹ̀wò. Kó má kọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Fún oṣù mẹ́fà, kó má padà wá ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú níbẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ṣì máa pè é, ó sì yẹ kí wọ́n pè é, kí wọ́n máa béèrè àlàáfíà ọmọ, kí wọ́n jọ jẹun ní Sátidé nílé wọn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa pásítọ̀ tuntun, ìbéèrè kan ló wà fún un: “Ṣé o ti sọ fún òun fúnra rẹ̀?” Bí ìdílé olóògbé bá ní dandan àwọn fẹ́ kó wá, kó ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá pásítọ̀ tuntun sọ ọ́. Bí ẹni náà bá pè é, kó wá, kó jókòó síbi tí wọ́n bá fi hàn án, kó ka ẹ̀kọ́ Bíbélì tí wọ́n bá ní kó kà, kó sì máa lọ sílé.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀dọ́ pásítọ̀ kan,
Àjàṣẹ́, Benin.